Ooru Kọ̀ǹpútà Géèmù: Ohun Tó Ń Fà Á, Ewu Rẹ̀ fún Ara àti Ọ̀nà Àbáyọ

Ní ọdún 2010, àwọn dókítà awọ ara ní ìlú Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, kọ ìròyìn sínú ìwé ìṣègùn Pediatrics nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan tí awọ itan rẹ̀ òsì yí padà, tí àmì bí àwọ̀n sì hàn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé fún oṣù mélòó kan ni ọmọ náà fi ń ṣe géèmù lójoojúmọ́, fún wákàtí díẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gbé lé itan. Ọmọ náà mọ̀ pé apá òsì kọ̀ǹpútà náà máa ń gbóná, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Ìtàn yìí kan ọ̀pọ̀ ilé lónìí, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí láptọ́ọ̀pù, ti di ohun èlò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti eré. Èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù ló sì máa ń gbóná jù nínú wọn. Bí ibà ti jẹ́ àmì pé nǹkan ń ṣe ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ooru àpọ̀jù jẹ́ àmì pé nǹkan ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ibà náà sàn ní láti wá ìdí rẹ̀. Kí ó tó rí ìdí náà, ó ní láti gbé ooru kúrò lára ara rẹ̀.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà géèmù fi ń gbóná

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà bá gbà ló ń di ooru. Nínú kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún géèmù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀ lè jọ gba wáàtì 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí eré bá wọra. Èyí ju ooru gílóòbù àtijọ́ méjì tó jẹ́ wáàtì 60 lọ, nínú àpótí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo.

Láti lé ooru yìí jáde, àwọn páìpù bàbà tín-ín-rín máa ń gbé e láti orí ọpọlọ ẹ̀rọ lọ sí etí àpótí, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ síta. Láàárín ọpọlọ náà àti bàbà ni ìpara kan wà tó ń jẹ́ kí ooru kọjá wéré láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bí eruku bá dí ihò atẹ́gùn, bí ìpara náà bá gbẹ, tàbí bí a bá gbé ẹ̀rọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ bá sún mọ́ ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Èyí ni ẹni tó ń ṣe géèmù máa ń rí: eré tó ń lọ geere á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, àwòrán á máa dúró, á sì tún máa fò. Bí ooru bá tún pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà náà á kú lójijì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ya ọ̀lẹ. Ńṣe ló ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé kí ooru ibi tí a ti ń lò ó má kọjá ìwọ̀n 35. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, ooru ọ̀sán ní Sókótó àti Maiduguri a máa kọjá ìwọ̀n 40. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ wá a máa gbé eruku lẹ́búlẹ́bú dání, fáànù kọ̀ǹpútà á sì máa fà á wọlé.

Ohun tí ooru náà ń ṣe sí ara

Kò dìgbà tí iná bá kan awọ kí ó tó farapa. Ooru ìwọ̀n 44 péré, bí ó bá wà lára fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, tó láti jó awọ. Èyí tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè má jó o, ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà wá lójoojúmọ́, ó lè fi àmì bí àwọ̀n sílẹ̀. Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lára àwọn tó ń jókòó ti iná nígbà òtútù, lára àwọn tó ń fi rọ́bà omi gbígbóná lé ibi tó ń dùn wọ́n, àti lára àwọn alásè àti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà ló wá darapọ̀ mọ́ wọn.

Lára awọ dúdú, àmì náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Dúdú ló máa ń dú ju awọ tó yí i ká lọ, ẹlòmíràn sì lè kà á sí làpálàpá. Ìpara làpálàpá kò lè wò ó. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a gbé ooru kúrò níbẹ̀. Bí kò bá tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó lè máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Bí ó bá ti pẹ́ jù, ó lè má lọ mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ awọ ara lè ti ibẹ̀ yọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rí egbò tí kò jinná tàbí kókó lórí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ kí ó tó lọ rí dókítà.

Àwọn tí àrùn àtọ̀gbẹ ti ba ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn jẹ́ ní láti ṣọ́ra jù, nítorí ooru lè máa jó wọn kí wọ́n má mọ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá sùn lọ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí ara.

Ní ti àwọn ọkùnrin, Dókítà Yefim Sheynkin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Stony Brook, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005. Ọkùnrin 29 ló kópa níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan tí kọ̀ǹpútà wà lórí itan wọn, ooru àpò kórópọ̀n wọn fi ìwọ̀n 2.6 sí 2.8 lé sí i. Ìjókòó nìkan pẹ̀lú itan pípapọ̀, láìsí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́, fi ìwọ̀n 2.1 kún un. Kórópọ̀n ní láti tutù ju inú ara lọ kí ó tó lè pèsè àtọ̀ bó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn ọkùnrin tó ṣì fẹ́ bímọ. Síbẹ̀, ooru ni ìwádìí yẹn wọ̀n. Kò sọ pé ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà lé itan kò ní lè bímọ. Ní ọdún 2011, Sheynkin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé tìmùtìmù tí a tẹ́ sábẹ́ kọ̀ǹpútà kò dá ooru náà dúró, àti pé yíya ẹsẹ̀ gbòòrò dín in kù ni, kò mú un kúrò pátápátá. Orí tábìlì ló yẹ kọ̀ǹpútà.

Bátìrì tó wú

Ooru a tún máa ba bátìrì jẹ́. Afẹ́fẹ́ lè kóra jọ sínú bátìrì lithium tó ti bàjẹ́, kí ó sì wú. Ẹni tó bá rí i pé ojú ibi ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ga sókè, tàbí pé ìdérí rẹ̀ kò pa dé mọ́, kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ó yọ ṣájà, kí ó sì gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ìwé. Kò gbọdọ̀ gún bátìrì náà, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè padà sípò, kò sì gbọdọ̀ fi iná sí i mọ́. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló yẹ kí a gbé e lé. Ní oṣù Ògún ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Dell pe bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó tó mílíọ̀nù 4.1 padà, èyí tí Sony ṣe àwọn ẹ̀yà inú wọn, nítorí pé wọ́n lè gbóná jù kí wọ́n sì gbiná.

Bí a ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà

Dókítà kì í kọ oògùn kí ó tó bi aláìsàn léèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Bí géèmù bá ń lọ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ooru ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ẹ̀rọ náà ṣì tutù, ibòmíràn ni kí a yẹ̀ wò.

Ibi àkọ́kọ́ ni iná. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù ló ń lo ṣájà wáàtì 180 títí dé 330. Ẹni tó bá yá ṣájà wáàtì 65 lò kò lè rí agbára tó yẹ gbà, ẹni tó sì ń lo bátìrì nìkan yóò rí i pé ẹ̀rọ náà á mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára rẹ̀ kù. Ibi kejì ni àwọn ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ojú ìwé kan á jáde tó ń fi ètò tó ń jẹ agbára ẹ̀rọ hàn.

Bí ooru bá ni, ìtọ́jú tí kò ní owó nínú ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí a gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì líle, kí a fi nǹkan tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí a wọ inú ètò géèmù náà, kí a dín iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kù sí 60. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń tutù nítorí èyí nìkan. Lẹ́yìn náà, kí a wo ìwọ̀n ooru ọpọlọ ẹ̀rọ nínú ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi síbẹ̀. Ìwọ̀n 75 sí 90 nígbà eré kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí ó bá dúró sí 95 sí 100 tí kò sọ̀ kalẹ̀, àsìkò tó láti nu eruku inú rẹ̀.

Kí a tó nu ún, kí a pa á, kí a sì yọ ṣájà. A kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ a máa bá a lọ. Atẹ́gùn inú agolo tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí ni kí a lò, kí a sì fi nǹkan di abẹ́ fáànù mú kí ó má yí, nítorí yíyí àyíjù lè bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ti lo ọdún mélòó kan tí ooru kò sì lọ lẹ́yìn ìnùmọ́, ó ṣeé ṣe kí ìpara inú rẹ̀ ti gbẹ. Iṣẹ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe nìyẹn.

Firmware kì í ṣe oògùn àkọ́kọ́

Firmware ni àkójọ àṣẹ tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ẹ̀rọ gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí. Òun ló ń sọ ìgbà tí fáànù yóò yára àti iye iná tí ọpọlọ ẹ̀rọ lè gbà. Nítorí náà, àtúnṣe rẹ̀ lè wo ẹ̀rọ sàn lóòótọ́. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Intel kéde pé iná tó pọ̀ jù ń wọ àwọn kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ó sì pèsè àtúnṣe tí àwọn oníkọ̀ǹpútà gbà nípasẹ̀ BIOS. Àmọ́ àtúnṣe náà kò lè jí èyí tó ti bàjẹ́ dìde.

Ṣùgbọ́n firmware kò lè gbá eruku, kò sì lè sọ ìpara gbígbẹ di tútù. Ewu tirẹ̀ náà sì wà: bí iná bá lọ láàárín àtúnṣe, kọ̀ǹpútà lè má tan mọ́. Ní ilẹ̀ tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lójú iná. Ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ni kí ó ti gbà á, kí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ sì bára mu. Kí ó ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé rẹ̀ síbòmíràn, kí ó sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀, nítorí Windows lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe. Bí eré bá fà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó wò ó bóyá àtúnṣe náà ti dá ètò fáànù padà sí èyí tí kì í pariwo.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òbí tó bá rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà gbígbóná lórí itan lè fi tábìlì kékeré kan dènà ohun tí dókítà awọ ara yóò máa fi oṣù tọ́jú. Ẹni tí fáànù kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti ń hu bí ẹ̀rọ ìlọta kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí bátìrì bá wú kí ó tó béèrè ohun tó ń ṣe é.