Labalábá Tó Yá Ẹ̀wù Ìkorò

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n labalábá kan wà nílẹ̀ wa tí kò bá ẹyẹ du ipò rárá. Labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fara wé, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì fi ń gbà là, nítorí ẹyẹ gan-an ni ọ̀tá tó ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń fara wé. Ẹ mọ bomubomu, igi kékeré eléwé fẹ̀ǹfẹ̀ tí ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ààtàn. Ẹ já ewé rẹ̀ báyìí, oje funfun á máa kán tótó. Oje yìí ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Oró wà nínú rẹ̀, oró tí ń da lílù ọkàn rú. Orí ewé yìí ni labalábá pupa kan máa ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin bá pa, ọmọ tó jáde á di kòkòrò ajẹwé, ara rẹ̀ á ní ilà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè, ewé bomubomu náà ni yóò sì máa jẹ. Oró kò pa á. Ńṣe ló ń kó o pamọ́ sára títí yóò fi di labalábá: apá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ṣóńṣó apá dúdú, tóótòòtó funfun sì wà lórí dúdú náà. Ẹyẹ tó bá gbé e mì yóò bì í. Ẹyẹ tó bá sì ti bì lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé àwọ̀ yẹn bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí labalábá yìí kì í fi í kánjú. Jẹ́jẹ́ ló ń fò lọ lójú ọ̀sán gangan. Ara rẹ̀ tún yi débi pé ẹyẹ lè ṣá a lẹ́nu, kó pọ̀ ọ́ dànù, kó sì tún gbéra láàyè. Danaus chrysippus ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́.

Èkejì rẹ̀ ń jẹ́ Hypolimnas misippus. Pápásan ni ọmọ tirẹ̀ ń jẹ, ewé tí àwa náà ń sè lọ́bẹ̀, kò sì rí oró bomubomu kankan kó jọ níbẹ̀. Akọ rẹ̀ dúdú, ojú funfun ńlá wà lórí apá rẹ̀, etí funfun náà sì ń kọ àwọ̀ elésè-àlùkò bí oòrùn bá tàn sí i. Ẹni tó bá rí akọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abo rẹ̀ yóò búra pé wọn ò bára tan. Abo ló gbé ẹ̀wù pupa wọ̀, tòun ti ṣóńṣó dúdú àti tóótòòtó funfun, tó tún kọ́ fífò jẹ́jẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, apá ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò. Ti ojúlówó ní àmì dúdú mẹ́ta láàárín apá náà, ti akọ rẹ̀ sì fi ẹyọ kan lé e. Ti ayédèrú kò ju ẹyọ kan lọ, ní etí òkè. Ẹ sì dẹ́rù bà á díẹ̀: yóò gbàgbé ìrìn ẹlẹ́sọ̀, yóò sì fò lọ fìrí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ abo nìkan? Àwọn onímọ̀ ní abo ló ń ru ẹyin, òun ló sì ń rọra wá ewé kiri, ọwọ́ ẹyẹ sì yá láti tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irọ́ náà kò lè dá dúró. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ìkorò wò kó tó bẹ̀rù àwọ̀. Bí ayédèrú bá pọ̀ ju ojúlówó lọ níbì kan, ẹyẹ á máa jẹ aláìlóró lájẹgbádùn, ẹ̀rù àwọ̀ pupa á kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìyà náà á sì kan tọ̀tún tòsì. Kódà láàárín àwọn ojúlówó, gbogbo wọn kọ́ ló korò bákan náà. Èyí tí kò jẹ ewé olóró tó nígbà èwe ń jẹ nínú orúkọ àwọn arákùnrin rẹ̀.

Henry Walter Bates, ọmọ Ìlú Ọba, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé. Ó dé igbó Amazon ní Brasil lọ́dún 1848, ó lo ọdún 11 níbẹ̀, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lọ́dún 1862. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú ìfarawé yìí.

Ẹ má fi agẹmọ mọ́ wọn o. Ẹni tó ń pa àwọ̀ dà mọ́ ewé kò fẹ́ ká rí òun. Afarawé fẹ́ ká rí òun dáadáa, ká sì ṣì í mú.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìfarawé ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Paramọ́lẹ̀ kan ń gbé lórí òkúta ní ìwọ̀ oòrùn Ìránì. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan lọ́dún 1968, wọ́n rò pé kókó àìsàn ló so sí ìrù rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó fún un lórúkọ tirẹ̀. Ìrù náà wú roboto ní ìparí, ìpẹ́ gígùn gígùn sì yọ jáde lára wíwú náà bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Àwọ̀ ara ejò bá òkúta mu régí, kò ní mira, ìrù yẹn nìkan ni yóò máa jù síwá sẹ́yìn. Ẹyẹ tó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣá aláǹtakùn jẹ á bá ara rẹ̀ lẹ́nu ejò.

Ní Amẹ́ríkà, tanná-tanná ní oríṣiríṣi. Akọ á máa fò, á máa ṣẹ́jú iná, abo irú tirẹ̀ á sì dá a lóhùn láti inú koríko ní àsìkò tó bá àṣà ìran wọn mu. James Lloyd kọ ọ́ lọ́dún 1965 pé abo ìran kan, Photuris, mọ èsì tí abo ìran mìíràn ń fún ọkọ wọn. Akọ á balẹ̀ wá gbéyàwó, abo náà á sì fi í ṣe oúnjẹ. Ó tún jèrè oró kíkorò tó wà lára ọkọ ọlọ́kọ, aláǹtakùn ò sì ní fẹ́ jẹ òun náà mọ́.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ọ̀gá wọn ni ẹyẹ dúdú onírù méjì kan tí wọ́n ń pè ní drongo, ní aṣálẹ̀ Kalahari. Tom Flower àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Ẹyẹ yìí á bà sórí igi, á máa wo àwọn ẹranko kékeré tí ń jẹ́ meerkat bí wọ́n ti ń walẹ̀ wá kòkòrò. Bí ọ̀kan bá wú àkeekèé jáde, ẹyẹ á ké igbe àṣá-ń-bọ̀. Ẹranko á sá wọ ihò, ẹyẹ á sì gbé àkeekèé lọ. Bí wọ́n bá ti mọ igbe yẹn lójú, á pa ohùn dà, á ké bíi meerkat fúnra wọn, tàbí bí ẹyẹ mìíràn. Irú igbe 51 ni wọ́n kà lẹ́nu àwọn ẹyẹ náà, irọ́ yìí sì ń fún wọn ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àwọn meerkat kò sì lè kọ etí dídi sí i, nítorí pé lọ́jọ́ tí àṣá bá ń bọ̀ lóòótọ́, ẹyẹ yìí kan náà ló ń ké.