Kí ayùn tó kan pákó tó lọ́

Pákó ìrókò téèyàn rà ní ọjà pákó Iloabuchi ní Diobu, Port Harcourt, kì í sábà tíì gbẹ dénú. Ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nílé, igun kan á ti gbé sókè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ igi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú pákó bẹ́ẹ̀ lè ṣe é léṣe.

Omi inú igi ló ń mú kí pákó lọ́. Tí omi náà bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, kò sì ní súnkì dọ́gba. Fọ́nrán inú ìrókò àti ọ̀gànwó kì í tò lọ tààrà: á yí sí apá kan, á tún yí sí ìkejì bí igi ṣe ń dàgbà. Òjò Port Harcourt pọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin, nítorí náà igi tí a sá síbòji níbẹ̀ ṣòro láti gbẹ kọjá nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Gbé e wọ yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, á tún gbẹ sí i, á tún lọ́.

Pákó tó lọ́ máa ń mì lórí tábìlì ayùn bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bó bá mì nígbà tí ayùn wà nínú rẹ̀, eyín ẹ̀yìn ayùn á gbá a mú, á sì sọ ọ́ padà sí ẹni tó ń tì í. Ẹ̀rọ ìfági náà kò gbani: rọ́là rẹ̀ á tẹ pákó náà mọ́lẹ̀, á fá a, bó bá sì ti jáde, á lọ́ padà. Pákó ti tín-ín-rín, ó ṣì lọ́.

Ọwọ́ ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ fi ayùn ọwọ́ gé e kúrú. Bí pákó ẹsẹ̀ 12 bá lọ́ tó mìlímítà 24, tí ìlọ́ náà sì ṣe déédéé, gé e sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lọ́ ní nǹkan bíi 8 péré. Lórí pákó tó nípọn ní ínṣì kan, ìyàtọ̀ yẹn ló ń pinnu bóyá ohunkóhun á ṣẹ́ kù láti lò. Lẹ́yìn náà, gbé ọ̀pá tọ́ọ́rọ́ méjì sí orí àti ìdí rẹ̀, kí o wò ó láti ìpẹ̀kun kan: igun tí ọ̀pá ti ga ni kí o fá. Fi ẹ̀là igi ki àlàfo abẹ́ rẹ̀ kó má mì, kí o fi ìfági ọwọ́ fá ojú kan títí yóò fi tẹ́. Ojú yẹn ni yóò jókòó sórí tábìlì ẹ̀rọ. Máa ṣọ́ra fún òkúta tó máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn. Ó ń ba eyín ayùn jẹ́.

Iná mànàmáná tún ń kó mi láyà sókè. Bó bá lọ nígbà tí ayùn wà nínú igi, pa swíìṣì kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń yí fúnra rẹ̀ bí iná bá dé.

Di ìbòmú dáadáa pẹ̀lú. Eruku ìrókò ń yọ awọ ara àti imú lẹ́nu, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà láti ọdún 1995.

Bí o bá ti fá ojú àkọ́kọ́, má kánjú sọ pákó náà di tábìlì. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa kọjá lókè àti nísàlẹ̀, kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ kan, kí o tún fi ọ̀pá méjì náà wò ó kí o tó fá a dé ìwọ̀n tí o ń fẹ́.