Ẹ Má Jẹ́ Kí Eruku Pa Kọ̀ǹpútà Yín

Bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà dé, gbogbo wa a máa fi òróró pa ara, a máa nu tábìlì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ń rántí kọ̀ǹpútà tí ó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ní ọ́fíìsì ilé-ìwé? Eruku ọyẹ́ àti ti ṣọ́ọ̀kì ni òun ń fà símú. Díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí Intel ṣe ní 1985, tí a ń pè ní 386, kò sábà nílò fáànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Pentium ti dé ní 1993, fáànù ti di dandan. Irin eléyín bí òòyà ni a gbé lé ọpọlọ náà lórí, fáànù a sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín eyín wọ̀nyí. Bí eruku bá dí ibẹ̀ bí òwú, ooru kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí ó bá ń sún mọ́ ìwọ̀n 100 tí omi fi ń hó, ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà a dẹ ìrìn. Bí kò bá tù, kọ̀ǹpútà a kú fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Mo mọ obìnrin oníṣòwò kan tí ń bá wa tẹ ìwé ìdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú léraléra. Atúnṣe kan ní kí ó ra òmíràn. Ó ti fẹ́ kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ tú ìdérí rẹ̀ wò. Eruku tí a gbọ̀n jáde kún àwo. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó tẹ ìwé wa parí.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ okùn iná rẹ̀, ẹ gbé e síta. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí ẹ tó kan ohun inú rẹ̀, nítorí iná kékeré a máa wà lára ènìyàn nígbà ọyẹ́. Ẹ fi ìka di fáànù mú kí ó má yí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ gbọn eruku náà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́; ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, nítorí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ a máa ní omi nínú. Ẹ má tú àpótí irin kékeré tí okùn iná wọ̀: iná a máa lúgọ síbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi ń bò ó dára nígbà tí ó bá ń sùn. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ká a kúrò, nítorí ẹni tí a bo imú rẹ̀ kò lè mí.