Kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà o: téèpù tó gba Gmail sílẹ̀

Ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì, àbí? Èyí tí àwọn òbí wa fi ń gbọ́ fújì, tí wọ́n á fi bírò yí nígbà tí téèpù rẹ̀ bá tú jáde. Àbúrò rẹ̀ kan ló gba àwọn oní-Gmail sílẹ̀ ní 2011.

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún yẹn, àwọn kan ṣí Gmail wọn, wọ́n bá a lófìfo. Ìwọ̀nba 0.02% nínú àwọn tó ń lò ó ni Google sọ pé ọ̀rọ̀ náà kàn, ṣùgbọ́n tí tiyín bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Google máa ń pa ẹ̀dà mọ́ sí ibi púpọ̀, àmọ́ àṣìṣe inú software tuntun kan ba ẹ̀dà bíi mélòó kan jẹ́ pa pọ̀. Kò lè dé orí téèpù, torí téèpù ò so mọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ímeèlì àwọn èèyàn padà, ó sì gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Níbi tí téèpù bá ti pọ̀, róbọ́ọ̀tì ló ń kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ fojú inú wo kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tí ihò kéékèèké tò sínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Apá róbọ́ọ̀tì á mú èyí tí ẹ fẹ́, á kì í sínú dráìfù tó ń kọ dátà sí i. Kásẹ́ẹ̀tì LTO-9 kan wọ àtẹ́lẹwọ́, síbẹ̀ ó gba 18 TB, téèpù inú rẹ̀ sì gùn ju kìlómítà kan lọ.

Tí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ló yẹ kí kọ̀ǹpútà rí: dráìfù àti róbọ́ọ̀tì. Nínú àwọn kékeré, wáyà SAS kan ṣoṣo lè gbé méjèèjì. Lórí Linux, ẹ tẹ `lsscsi -g`; dráìfù á jáde bíi "tape", róbọ́ọ̀tì á jáde bíi "mediumx". Tí mediumx ò bá sí níbẹ̀, ẹ yẹ wáyà àti káàdì SAS wò. Lẹ́yìn náà, `mtx -f /dev/sg3 load 5 0` (nọ́ńbà sg tiyín lè yàtọ̀) á gbé kásẹ́ẹ̀tì inú ihò 5 lọ sínú dráìfù àkọ́kọ́. Ihò bẹ̀rẹ̀ láti 1, dráìfù láti 0. Àwọn oní-kọ̀ǹpútà náà sá!

Ibi tí ẹkún wà rèé: dráìfù kan náà ní orúkọ méjì, `/dev/st0` àti `/dev/nst0`. Tí ẹ bá lo st0, gbàrà tí iṣẹ́ bá parí ni téèpù á yí padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ dátà ọjọ́ Ajé, ẹ kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Ìṣẹ́gun á gorí ti Ajé, kò sì ní pariwo. Lẹ́tà "n" kan péré ló ń dá a dúró.

Kásẹ́ẹ̀tì LTO-9 tuntun tún lè lò tó wákàtí méjì nínú dráìfù nígbà àkọ́kọ́ tó bá wọ ibẹ̀. Kò kú o, ẹ má yọ iná.

Róbọ́ọ̀tì ò mọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, barcode ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń kà. Software bíi Bacula ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì báyìí wà lórí téèpù báyìí. Tí àkọsílẹ̀ yẹn bá sọnù, téèpù á wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí kí ẹ tó rí fáìlì kan. Ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ síbòmíì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé téèpù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dá wà. Olè tó bá wọ kọ̀ǹpútà yín lè pàṣẹ fún róbọ́ọ̀tì kó máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ṣe ní ihò àbájáde. Ẹ fi `mtx transfer` gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀, kí èèyàn fọwọ́ yọ wọ́n, kó ti bọ́tìnnì kékeré ara wọn kí wọ́n má ṣeé kọ mọ́, kó wá gbé wọn lọ tì mọ́nú ilé mìíràn.