Apẹ̀rẹ̀ Ìdógò: Bí A Ṣe Lè Fi Ìràpadà Yé Àwọn Ọmọ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a ń pe ara wa ní onígbàgbọ́ máa ń sọ lójoojúmọ́ láì dúró bi ara wa léèrè ohun tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ìràpadà. A ń gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù, a ń fi í kọrin, a ń fi í gbàdúrà kí a tó jẹun pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá fa aṣọ yín tí ó ní kí ẹ sọ ohun tí ìràpadà jẹ́ fún òun, kí ni ẹ óò wí?

Ọmọ mi obìnrin bi mí bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kíá ni mo dáhùn pé, "Òun ni pé Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa." Ó wò mí títí, ó ní, "Ó yé mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rà wá padà, ta ni ó tà wá?" N kò rí èsì kankan fún un. Mo ní kí ó lọ fọ abọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ní ẹ̀kọ́ láti kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. Rà padà. Ohun tí mo bá rí lọ́jà tí ó wù mí, rírà ni mo rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ tèmi rí, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí mo wá fi owó gbà, òun nìkan ni mo lè sọ pé mo rà padà. Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun fún ọmọ nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ti Ọlọ́run ni òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fo ibẹ̀. Láti orí ọ̀run àpáàdì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Àwọn baba ńlá wa kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìràpadà fún àwọn, nítorí wọ́n mọ ìwọ̀fà. Bí gbèsè bá wọ ènìyàn lọ́rùn láyé àtijọ́, bóyá nítorí òkú tí ó fẹ́ sin tàbí ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi, ó lè yá owó lọ́wọ́ olówó, kí ó sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni náà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ilé baba rẹ̀, olówó kò sì gbọdọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó le nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé owó ni. Kì í ṣe owó náà. Ó lè ro oko fún ogún ọdún, kí ọwọ́ rẹ̀ lé pátápátá, kí gbèsè náà má dín ní ẹyọ owó kan. Àfi kí ẹnì kan nínú ẹbí kó owó náà wá lódindi, kí ó kà á sílẹ̀ níwájú olówó, kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. A máa ń sọ fún wọn pé, "Bí o bá gbá ilẹ̀ dáadáa, tí o kò bá purọ́, Jésù yóò fẹ́ràn rẹ." Ẹ̀kọ́ ìwọ̀fà ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tí ó bá gbà á gbọ́ yóò máa ro oko títí yóò fi dàgbà, kò sì ní mọ ìgbà tí òun yóò lọ sílé.

Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí, ọ̀nà tí mo sì gbà ṣe é ni mo fẹ́ sọ. Apẹ̀rẹ̀ kan wà nílé mi, ara ìṣó ni ó ń gbé lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ń pè é ní apẹ̀rẹ̀ ìdógò. Ohunkóhun tí ọmọ bá jù sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù tàbí pẹ́ńsùlù tàbí bàtà, ó ti dógò nìyẹn. Inú apẹ̀rẹ̀ ni ó ń lọ, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni olúwa rẹ̀ ń wá rà á padà. Ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni mo fi ṣe owó rẹ̀: kí ọmọ gbá àgbàlá, kí ó pọn omi. Ilé mọ́ tónítóní ní oṣù náà! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí kọ́, èyí tí ó tẹ̀lé àkọ́bí dáhùn pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè fi agbára ara rẹ̀ rà padà. Òdìkejì ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn ni wọ́n kọ́.

Ni mo bá mú ọmọ ayò wá. Méjìdínláàádọ́ta ni ọmọ ayò, àwọn ọmọ mi sì jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà méjìlá méjìlá ni mo pín fún wọn ní ọjọ́ Àìkú. Mo ní mẹ́rin ni owó ohun kọ̀ọ̀kan tí ó bá dógò, mo sì ní iṣẹ́ kò lè dín in. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, nǹkan márùn-ún ni ti àbíkẹ́yìn nínú apẹ̀rẹ̀. Ogún ọmọ ayò ni yóò san. Méjìlá péré ni ó ní. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí a ti gbá. Mo ní, "Gbígbá náà dára, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ṣì kù." Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn, ní nǹkan méjì tirẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ka mẹ́jọ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ku mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ra ìwé rẹ̀ padà, bàtà tí ó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì kù nínú apẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Àǹtí mi, kí ni n óò san padà fún yín?" Ó dá a lóhùn pé, "Kò sí. Ṣáà má jù wọ́n sílẹ̀ mọ́." Ní ọjọ́ kejì, sílípáàsì ni ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ìyá wọn kò dùn sí i rárá, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúnlẹ̀ fún àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Mo kàn bi àbíkẹ́yìn pé, "Ta ni ó rà ọ́ padà?" Ó sì nawọ́ sí sílípáàsì náà.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà tí ó bá ìràpadà rìn, òun ni ìdáǹdè. Inú Bíbélì Yorùbá ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A lè dá ènìyàn ní ìdè láì san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó dè é. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ìtàn Àjàyí fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìtàn tiwa ni. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí àwọn akónilẹ́rú pa ìlú Òṣogùn run ní ọdún 1821. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tà á fún tábà àti ọtí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Freetown. Wọn kò san nǹkan kan fún olówó ẹrú; agbára ni wọ́n fi gbà wọ́n. Ìdáǹdè nìyẹn. Àjàyí yìí ni Samuel Àjàyí Crowther tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ó ti tún rí Afala ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ má ṣe yára. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rò ó bí ìyá náà yóò ti wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ìdáǹdè tí àwọn Júù ń rántí ni ìjáde wọn kúrò ní Íjíbítì, ó sì yẹ kí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Orí tábìlì oúnjẹ nínú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà, ọmọ tí ó kéré jù lọ ni ó sì ń béèrè ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ yòókù. Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí kejìlá, a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ yóò béèrè, a sì ní kí baba dáhùn. Ní ilé mi, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, ìyàwó mi máa ń ṣe àkàrà aláìwú, a sì máa ń fún olúkúlùkù ní ewé ewúro kan tí a kò fọ̀. Kí wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò rí bí ojú wọn yóò ti fún pọ̀! Ẹni tí ewúro bá korò lẹ́nu rẹ̀ kò ní gbàgbé pé oko ẹrú korò.

Ìtàn Rúùtù náà dára fún eré. Orí kẹrin ni kí ẹ mú. Kí ọmọ kan ṣe Bóásì, kí òmíràn ṣe ìbátan tí ó súnmọ́ jù, tí ó lè ra ilẹ̀ náà padà ṣùgbọ́n tí ó kọ̀, tí ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ fún Bóásì ní ẹnu ibodè. Àgbà mẹ́wàá ni ó jókòó níbẹ̀. Bí ènìyàn kò bá tó, ẹ fi ìrọ̀rí ṣe àgbà. Ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí ni pé ẹni tí yóò ra ènìyàn padà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní owó rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́ láti san án. Ìbátan àkọ́kọ́ ní méjì, kò ní ìkẹta.

Ìbéèrè kan yóò dé dandan, kí ẹ má bàa sọ pé n kò kìlọ̀: "Ta ni Jésù san owó náà fún?" Ẹ má ṣe bá ọmọ wí nítorí rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti béèrè rẹ̀. Origen, olùkọ́ ará Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kẹta, ní Èṣù ni a san án fún. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Gregory ará Nasiánsù bínú sí èrò náà, ó ní ohun ìtìjú ni kí olè gba irú owó bẹ́ẹ̀. Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, parí ìwé kan ní ọdún 1098 tí ó fi sọ pé ọlá Ọlọ́run ni a jẹ ní gbèsè. Èmi kì í kó gbogbo ìyẹn sí ọmọ lórí. Mo bi ọmọ mi pé, "Nígbà tí ìyá rẹ rọbí rẹ fún òru méjì, ta ni ó san ìrora náà fún?" Ó ronú, ó ní, "Kò san án fún ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ó ṣáà ná an lórí mi." Bí mo bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ilé ìwé gíga, n kò mọ̀ bóyá n óò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe fi àgbélébùú dẹ́rù ba ọmọ kékeré. Ọmọ tí ó fọ́ àwo kan kò ní láti gbọ́ pé òun ni ó kan ìṣó mọ́ Jésù lọ́wọ́. Mo mọ ọmọ tí a sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, fún ọ̀pọ̀ oṣù kò lè sùn nínú òkùnkùn. Ẹ má sì ṣe na ọmọ tán kí ẹ tó ṣí Bíbélì lé e lórí. Ẹgba ni yóò rántí.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ọmọ mi kì í san nǹkan kan. Èmi ni mo ń san ti gbogbo ohun tí ó bá wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹja inú àwo mi ni mo sì fi ń san án: ègé kan fún nǹkan kan, ọmọ tí ó ni ín ni ó ń gba ègé náà pẹ̀lú ohun ìní rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, nǹkan méje ni ó wà níbẹ̀, ègé ẹja mi sì jẹ́ mẹ́rin. Ìyá wọn fi mẹ́ta tirẹ̀ kún un láìsọ̀rọ̀. A jẹ ọkà lásán, èmi àti rẹ̀. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, àbíkẹ́yìn yọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìlàjì ẹja rẹ̀ sínú àwo mi. Mo mú un, mo sì dá a padà fún un. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó sì jẹ ẹ́ tán.