Etí Híhó: Ǹjẹ́ Jíjáwọ́ nínú Búrẹ́dì àti Oúnjẹ Àlìkámà Lè Wò Ó Sàn?

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ilé sì pa rọ́rọ́, àwọn kan wà tí etí wọn kì í dákẹ́. Wọn a máa gbọ́ ìró bí ti ìrẹ̀ tó ń ké nínú koríko, bí ti agogo, tàbí bí ti afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó sùn tì wọ́n kò gbọ́ ohunkóhun. Etí híhó nìyí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tinnitus. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tí a gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100 káàkiri àgbáyé, nǹkan bí 14 ló ní irú ìrírí yìí.

Nítorí pé kò tíì sí oògùn kan tí ó ń pa ìró náà rẹ́ pátápátá, ìmọ̀ràn tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń rí gbà kò lóǹkà. Ọ̀kan tí ó ń tàn kálẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára ni pé kí wọ́n jáwọ́ nínú oúnjẹ tí ó ní gluten. Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni náwó lé ìmọ̀ràn yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀.

Kí ni gluten?

Gluten ni èròjà purotéènì tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí rọ́bà nígbà tí a bá pò ó. Ó wà nínú búrẹ́dì, sẹ̀mó, òkèlè àlìkámà, mákàróónì, núdù, bisikíìtì, kéèkì, pọ́fù-pọ́fù àti ọtí tí a bá fi ọkà báálì ṣe. Kò sí nínú iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, àkàrà, móínmóín àti dòdò. Nítorí náà, púpọ̀ nínú oúnjẹ ìbílẹ̀ wa kò ní gluten láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ra ìyẹ̀fun ọlọ́wó gọbọi láti òkè òkun kí ó tó lè yẹra fún un.

Báwo ni etí ṣe ń hó?

Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi kan tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké wà tí wọ́n ní irun wínníwínní. Àwọn ni wọ́n ń gba ìró tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo líle, ọjọ́ orí àti àwọn oògùn kan lè ba wọ́n jẹ́, bí wọ́n bá sì ti bàjẹ́, wọn kì í hù padà. Nígbà tí ọpọlọ kò bá rí ìró gbà tó bí ó ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣe bí ẹni tí ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tí kò wọlé dáadáa: a yí ohùn rédíò sókè, kìkì ariwo ṣíṣàà ni a sì ń gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ etí híhó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn okùnfà mìíràn tún wà. Lára wọn ni ìdọ̀tí tí ó dí ihò etí, kòkòrò àrùn nínú etí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìṣòro oríkèé àgbọ̀n. Oògùn bíi quinine, abẹ́rẹ́ gentamicin, aspirin tí a lò ní ìwọ̀n púpọ̀ àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan náà lè fà á.

Kí ni ìwádìí sọ nípa gluten?

Kò sí ìwádìí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ó fi hàn pé yíyẹra fún gluten ń mú etí híhó rọlẹ̀ lára ẹni tí kò ní àrùn tí gluten ń fà. Sẹ́ẹ̀lì etí tí ariwo ti bà jẹ́ kò lè tìtorí pé a fi búrẹ́dì sílẹ̀ kí ó padà bọ̀ sípò.

Síbẹ̀, àwọn kan ń jẹ́rìí pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́, a kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìró inú etí máa ń lọ sókè, ó máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó bá sì le jù ni ènìyàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tuntun. Bí ó bá wá rọlẹ̀, oúnjẹ náà ni yóò gba ìyìn. Bákan náà, bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọpọlọ máa ń kọ́ láti má fiyè sí ìró náà mọ́.

Àwọn tí gluten jẹ́ ọ̀tá fún ní tòótọ́

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ gluten rárá. Àwọn náà ni àwọn tí ó ní àrùn celiac. Nínú àrùn yìí, bí gluten bá ti dé inú ìfun, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni yóò dojú ìjà kọ ìfun náà, tí kò fi ní lè fa èròjà oúnjẹ sára dáadáa mọ́. Dókítà Willem Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n gógó, ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn padà pẹ̀lú.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 lágbàáyé ni ó ní àrùn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, inú wíwú, rírù àti àìtó ẹ̀jẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Níwọ̀n bí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti lè mú kí etí hó, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ní àrùn celiac rí ìrọ̀rùn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú àrùn celiac ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe oògùn etí.

Níhìn-ín ni ìkìlọ̀ pàtàkì wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn celiac, àyẹ̀wò náà kò sì ṣeé gbára lé bí ènìyàn bá ti jáwọ́ nínú gluten ṣáájú. Ẹni tí ó bá fura kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ná, kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Kí ni kí a ṣe bí etí bá ń hó?

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ inú etí yín wò, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò bí ẹ ṣe ń gbọ́ràn sí. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Ẹ má ṣe ki ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná bọ etí, ẹ má sì ṣe da kẹrosíìnì sí i.

Ẹ má ṣe fi falẹ̀ rárá bí etí bá ṣàdédé di nínú ọjọ́ kan sí mẹ́ta, bí ìró náà bá wà ní etí kan ṣoṣo, bí ó bá ń lù kìkì bí ìlù ọkàn, tàbí bí òòyì, ọyún etí tàbí rírọ ojú bá bá a rìn. Ìtọ́jú etí tí ó ṣàdédé di máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Fún etí híhó tí kò lọ, ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń ran ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo lọ́wọ́. Ìró pẹ̀lẹ́, bíi ti fáànù tàbí rédíò tí a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ń mú oorun rọrùn. Ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá sì wà lára ohun tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìnira rẹ̀ kù.

Ìdáàbòbò ló sàn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìró tí ó tó òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ létí ẹni láàárín ọ̀sẹ̀ kan; bí ó bá tó 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Kí àwọn tí ń lo ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tí ń la pákó àti àwọn tí ń jókòó ti gbohùngbohùn lóde àríyá máa fi ìdí etí sí etí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó fi ète sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Búrẹ́dì lè má mọ nǹkan kan nípa ìró tí ń bẹ létí yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wá ohun tí ó mọ̀ ọ́n.