Ẹ Má Ra Ọkọ̀ Ẹja Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹja ni. Ẹlòmíràn lè ní, "Èmi tí mò ń ta ẹja, kí ló kàn mí nínú ọkọ̀ apẹja?" Ó kàn wá dáadáa. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Bàdágìrì, láti Mákòókò dé Ìgbókọ̀dá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé owó wa ni ọkọ wa, ọmọ wa tàbí apẹja tó ń kó ẹja fún wa fi ra ọkọ̀ tó ń gbé wọ omi. Inú èsúsú la ti ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ọkọ̀, a ó jókòó sọ́jà, a ó ní kí wọ́n ṣáà rà á wá. Ẹ jọ̀ọ́, owó tiwa àti ẹ̀mí tiwọn, inú ọkọ̀ kan náà ni méjèèjì wà.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọkọ̀ kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Orí ilẹ̀ la ti rí i. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa àti búlúù kùn ún, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Mo ní, "Èyí á sáré." Lóòótọ́, ó ń sáré. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà dìde dúró láti fa àwọ̀n, ni ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi wọlé, ó tán! Ọlọ́run ló yọ ọ́, àwọn tó wà nítòsí ló fà á jáde. Àwọ̀n lọ, ẹja òru ọjọ́ yẹn lọ, gbèsè sì ń dúró dè mí lọ́jà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn àgbà apẹja àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Olórí ohun tí mo kọ́ nìyí: inú omi la ti ń ra ọkọ̀, kì í ṣe orí ilẹ̀.

KÍ LÓ Ń MÚ ỌKỌ̀ DÚRÓ?

Ẹ bu omi sínú baáfù ńlá kan nílé. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé omi náà, kí ẹ sì gbé ife tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi ìka kan tẹ etí àwọn méjèèjì díẹ̀. Ife á dojú dé kíá. Àwo á fì, á sì tún padà dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ tó fẹ̀ nídìí kì í tètè dojú dé bíi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó máa ń dìde ju àwọ̀n, ọkọ̀ tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́, bí kò tilẹ̀ sáré púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, fífẹ̀ nìkan kọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi apẹja pé níbo ló ti ń pa ẹja. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀sà tí omi rẹ̀ pa rọ́rọ́, ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dára fún un. Bó bá jẹ́ òkun ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ìgbì bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ á bá ìgbì yí. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ rí roboto díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, tí imú rẹ̀ yọ sókè, òun ló ń jẹ́ kí ìgbì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ gígùn máa ń lọ tààrà, ó sì yá. Ọkọ̀ kúkúrú ló rọrùn láti yí láàárín àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ẹja, àti láàárín koríko ojú omi tó wọ ipa odò Bàdágìrì ní 1984, tó sì ń dí wa lọ́nà títí dòní.

Ohun kejì tó ń mú ọkọ̀ dúró ni pé kí ẹrù wà nísàlẹ̀. Àwa tí a ń ru ẹrù mọ èyí. Igbá tí a di ẹrù rẹ̀ ga sókè ló ń fì lórí ẹni. Nítorí náà, ilẹ̀ ọkọ̀, láàárín gbùngbùn, ni kí àwọ̀n àti ẹja máa wà.

ÌDÁNWÒ MẸ́RIN LÓJÚ OMI

Èkíní, kí ẹni tí yóò lo ọkọ̀ náà wọ inú rẹ̀ níbi tí omi kò ti ju ìbàdí lọ. Kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ó tẹ̀ sápá òsì. Kí ó dìde, kí ó ṣe bí ẹni ń ju àwọ̀n. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fì díẹ̀. Bí ó bá fì tán tí ó dúró, ó dára. Bó bá ń bá a lọ bí ẹni fẹ́ ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kejì, ẹ di ẹrù sí i. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, bí omi bá kún un, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílò 25. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin jẹ́ kílò 100, ìyẹn ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ẹ kó iye kẹ́ẹ̀gì tó tó ẹja àti àwọ̀n yín sínú rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí yóò bá ọkọ̀ náà lọ sì wọlé. Ẹ rántí pé àwọ̀n tútù wúwo ju àwọ̀n gbígbẹ lọ. Ẹ wá wọn etí ọkọ̀ sí ojú omi. Lórí ọ̀sà tó pa rọ́rọ́, ó kéré tán, kí ínǹṣì 6 ṣẹ́kù. Ti òkun gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ̀kẹta, kí ó jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Apẹja tí ẹ̀yìn ń ro kì í pẹ́ lórí omi, ẹja rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù á dá orúnkún lóró. Èyí tó ga jù á mú ọkọ̀ máa fì. Ìwọ̀n àpótí tí a fi ń jókòó dáná ló tọ́. Kí àyè wà láti na ẹsẹ̀, kí àjẹ̀ má sì ṣe gbá etí ọkọ̀ bó bá ń tukọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bu omi kún inú rẹ̀ létí bèbè. Ọkọ̀ pákó sábà máa ń léfòó bí omi tilẹ̀ kún inú rẹ̀, apẹja á rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fáíbà tí wọn kò fi fóòmù sí nínú lè rì pátápátá. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú á máa fa ìdí ọkọ̀ sísàlẹ̀.

BÓ BÁ JẸ́ ỌKỌ̀ ÀLÒKÙ

Ọ̀dà máa ń bo ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ibi tí pákó ti pàdé pákó, àti ìsàlẹ̀ ibi tí omi òjò ti ń dúró. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà. Igi ìrókò àti ọ̀pẹpẹ máa ń tọ́jọ́. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹrà. Kòkòrò kan tún wà nínú omi oníyọ̀ tó ń lu igi. Ihò tó bá wọlé kéré bí ojú abẹ́rẹ́, inú igi ló ti ń jẹun. Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí ẹ máa wọ́ ọkọ̀ gòkè, kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi ọ̀dà kùn ún.

Ká má gbàgbé, kò sí ọkọ̀ tí kò lè dojú dé. Ẹ̀fúùfù líle tó ń ti ìlà oòrùn wá nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó ń parí lọ, kò mọ ọkọ̀ ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Bí ẹ bá ra ọkọ̀, ẹ ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, iye ẹni tó bá ń wọ inú rẹ̀ ni kí iye rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún ra igbá tí wọn yóò fi máa gbọ́n omi.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin ìyá, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ fi ọjà sílẹ̀ fún wákàtí méjì, kí ẹ tẹ̀ lé wọn dé etí omi. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè láti gbé e wọ omi, ẹ dá owó yín padà sínú àpò. Ọkọ̀ mìíràn ń bẹ. Ọmọ ẹni ò ṣeé rà lọ́jà.

Ọkọ̀ wa á lọ ire, á bọ̀ ire. Àṣẹ.